Ọta Òjé Tí Mo Fi Sínú Ìgalà

Òórùn òjé tó ń yọ́ lórí iná kì í ṣe èyí téèyàn ń gbàgbé. Ó máa ń ta ní imú, ó sì máa ń fi adùn burúkú kan sílẹ̀ lẹ́nu, bí ìgbà téèyàn bá lá irin. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ìyá mi ní Ìrèlè ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ tí gbogbo àwa tí à ń kàwé ní Ọ̀yẹ́ padà wá jókòó sílé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, físíìsì ni mò ń kọ́, mo sì gbà pé kò sí nǹkan tó bàjẹ́ tí mi ò lè tún ṣe. Ìwọ náà á ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ìbọn bàbá mi ni mo dójú lé. Ṣakabùlà tí bàbá tiẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni, ó ti gbó débi pé tí o bá na án sí òsì, ọ̀tún ló ń wù ú láti lọ. Irin wẹ́wẹ́ tí àwọn ọdẹ wa máa ń kì sínú rẹ̀ ń fọ́n ká bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìyẹ. Mo rò ó títí, mo ní tí ọta bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tó rogodo, tó ṣe wẹ́kú ẹnu ìbọn, tààrà ni yóò máa lọ. Mo tọrọ òjé lọ́wọ́ mẹkáníìkì kan, mo fi amọ̀ mọ ohun tí mo ń dà á sí. Àwọn àkọ́kọ́ wọ́ bí iṣu tó hù lábẹ́ òkúta, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, wọ́n ń dán, wọ́n ń yí lórí tábìlì. Mo gbé garawa kan ti òkìtì ọ̀gán, mò ń yìn ín sí i, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Nínú mẹ́wàá, mẹ́ta ló bà á. Mo wá fi irin wẹ́wẹ́ àtijọ́ dán an wò: mẹ́ta náà ni. Mi ò kọ ìyẹn sínú ìwé.

Bàbá mi dúró wò mí lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Ubọn yẹn ò ní àìsàn kankan. Sún mọ́ ẹran kó o tó yìn ín.” Mo rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ inú rẹ̀ ń dùn sí mi, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé ọmọ òun ń fi ìwé rọ ọta.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọdẹ ìlú wa máa ń jáde pọ̀ ní Sátidé kan kí wọ́n tó dáná sun igbó. Wọ́n ní òfin kan: bí ìbọn méjì bá dún sí ẹran kan, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jà nínú igbó. Abẹ́ igi ni wọ́n á gbé e lọ, wọ́n á kun ún, ọta tí wọ́n bá bá nínú rẹ̀ ni yóò sọ ẹni tó pa á. Tirẹ̀ ni orí àti awọ. Ẹni tó bá sì pe ẹran ẹlẹ́ran ní tirẹ̀ yóò tọrọ àforíjì lójú gbogbo ẹgbẹ́, ìtìjú yẹn kì í sì í tètè kúrò lára ọdẹ.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àárín èmi àti bàbá tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa ni ìgalà kan já sí. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni bàbá náà láti kékeré, ọdẹ gidi ni. Ìbọn wa dún pọ̀. Mo rí èèpo igi tó fò níbi tí ọta mi gbà, ó jìnnà sí ẹran. Ìgalà ṣubú. Kí n tó la ẹnu, bàbá mi ti ń pariwo látẹ̀yìn pé, “Ọmọ mi ti pa á!” Alágogo mi orí. “Rárá, ọ̀rẹ́. Èmi ni mo pa á.” Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́.

Wọ́n ní kí n di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú nígbà tí wọ́n ń kun ún. Wọ́n wá ọta, wọn ò rí i. Irin alágogo ti gba ọrùn wọlé, ó sì ti gba òdìkejì jáde lọ. Bàbá mi kò yéé na ọrùn, ó ń sọ pé, “Ẹ wò ó dáadáa.” Òjé kan wà nínú àpò ṣòkòtò mi. Ǹ bá sọ fún ọ pé èṣù ló tì mí. Èṣù kọ́. Ọwọ́ ọ̀tún mi yìí ni mo fi mú un, òun náà ni mo fi tì í sínú ìfun ẹran náà nígbà tí olórí ọdẹ yíjú láti pọ́n ọ̀bẹ. Kò pẹ́ tó fi rí i. Ó gbé e sókè, wọ́n hó yèè.

Alágogo ní kí wọ́n fún òun wò. Ó fi ṣòkòtò rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ ara ọta náà, ó ń yí i ní àtẹ́lẹwọ́. Òjé rọ̀, èyí tó bá bá ẹran yóò tẹ́ tàbí kó wọ́. Èyí rogodo, ó ń dán bí ọjọ́ tí mo dà á. Ó wò mí. Ẹgbẹ̀rún ẹ̀gún ni mo dúró lé lórí. Lẹ́yìn náà ó wo bàbá mi, tó ń rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín rẹ̀ hàn síta, ó sì pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ó ṣí fìlà.

“Ẹ má bínú,” ó ní. “Ojú ló tàn mí jẹ.” Ó wá kọjú sí mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. “Ọmọ wa, má bínú.”

Ṣé o mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, “Kò burú, bàbá.”

Kò bá wọn lọ sígbó mọ́ láti ọjọ́ náà. Bàbá mi kan awọ ìgalà mọ́ ògiri pálọ̀, kò sí àlejò tó wọlé tí kò gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá wálé, alágogo ló máa ń kọ́kọ́ kí mi: “Ọ̀mọ̀wé, ṣé uṣẹ́ ń lọ dáadáa?” Kò fi ẹ̀gún kankan sínú ọ̀rọ̀ náà. Ó wù mí kó bú mi. Mo ní n kò lè sọ òótọ́ nígbà tí bàbá mi wà láyé, kí inú rẹ̀ má baà bàjẹ́. Bàbá mi kú, mo ní kí n má ta epo sí aṣọ òkú. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò rí ẹni lé e, torí èmi nìkan àti àgbàlagbà kan tó pa ẹnu mọ́ la mọ ọ̀nà tó gbà.

Ọdún tó kọjá ni alágogo kú. Nílùú wa, bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á yìnbọn fún un kí wọ́n tó gbé e wọ ilẹ̀. Wọn ò yìn fún un. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ báyìí kò mọ̀ ọ́n sí ọdẹ. Àwọn àgbà díẹ̀ tó kù sì rántí ọ̀rọ̀ ẹran ẹlẹ́ran. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ bí ibẹ̀ ṣe dákẹ́, lẹ́yìn náà mo jókòó, mo sì jẹ ìrẹsì.

Àkọ́bí rẹ̀, tó ń gbé Àbújá, fà mí sẹ́yìn àgọ́. “Tíṣà, ẹ bá mi wò ó. Ogójì ọdún ni bàbá mi fi ṣọdẹ. Kí ló dé tí ìbọn kan ò dún?”

Mo ní, “Ó jọ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni kò fẹ́ ariwo.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Irọ́ ti àkọ́kọ́, mo ti máa ń sọ fún ara mi pé èwe ló fà á, pé ojú bàbá mi wà lára mi. Ti èkejì yìí ńkọ́? Mo ti di olùkọ́ tó ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́. Kò sí ẹni tó ń lé mi, kò sí ẹni tí ìdùnnú rẹ̀ fẹ́ bàjẹ́. Ó kàn bọ́ lẹ́nu mi wẹ́rẹ́, bí ẹni ń jẹ́ ìkíni.