Ọwọ́ Tó Wà Nínú Dígí Ìyálé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò sì gbà kí ọmọ kankan kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí ohun tí kò rí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i, ojúmọmọ ni, ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù wa níbí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí gbogbo ọjà ń pè ní Àlàájà, ń ta obì gbànja. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n, ọwọ́ ọ̀tún wọn sì kú. Ẹni tó bá mọ òwò obì á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. A kì í fi ọwọ́ òsì na obì sí oníbàárà. Àlàájà kò sì jẹ́ fi òsì jẹun. Èmi ni mò ń fi ṣíbí bọ́ wọn, omi á sì máa bọ́ lójú wọn.

“Tíṣà,” wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan, “bí ọwọ́ yìí ò bá jí, bá mi ti ṣọ́ọ̀bù pa.”

Obìnrin kan tó ń tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní Ìlíṣàn ló fún wa ní ọgbọ́n kan. Ó ní ká gbé dígí nàró sórí tábìlì. Kí ọwọ́ tó kú wà lẹ́yìn dígí, kí òsì wà níwájú rẹ̀. Bí òsì bá ń ṣiṣẹ́, àwòrán rẹ̀ nínú dígí á dà bí ọ̀tún. Bí ojú bá ń rí ọ̀tún tó ń ṣiṣẹ́, ọpọlọ á gbà bẹ́ẹ̀, ọwọ́ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í jí.

Mo gbà á gbọ́. Ṣé ẹ ti jókòó sínú ọkọ̀ rí ní gáréèjì, tí ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ yín fà sẹ́yìn, tí ẹ rò pé tiyín ló gbéra? Ohun tí ojú bá sọ ni ara ń gbà. Kò sí iwin kankan nínú ìyẹn.

Àṣìṣe tèmi ni dígí. Kò sí èyí tó tóbi tó nínú ilé àfi ti ìyálé Àlàájà, tó kú lọ́dún tó kọjá. Mo ṣí yàrá wọn, mo gbé e, mo nù ún. Mo ní dígí kò ṣáà ju dígí lọ.

Àlàájà wo férémù rẹ̀. “Tìyálé mi nìyí! Ẹni tí ò jẹ́ kí n fìdí kan àga wọn nígbà ayé wọn. Tíṣà, o láyà o.”

A jọ rẹ́rìn-ín.

Ìyálé yìí ló kọ́ wọn ní òwò obì, ìjà kan ò sì tán láàárín wọn títí ikú fi dé. Bí Àlàájà bá fẹ́ mọ̀ bóyá kòkòrò wà nínú obì, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń fi èékánná họ ọ́. Ìyálé a máa họ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. “Kòkòrò kì í jẹ́ ìpè àkọ́kọ́,” ni ìyálé máa ń wí.

Ojoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo máa ń jókòó ti Àlàájà. Wọn á fi òsì mú obì, wọn á họ ọ́, wọn á sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ inú dígí á ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo rí i pé ọwọ́ inú dígí ń pẹ́ lẹ́yìn òsì wọn. Kò ju ìṣẹ́jú akàn lọ. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo fi padà. Ó ṣì ń pẹ́.

“Àlàájà, ẹ dúró ná.”

Òsì wọn dúró. Ọwọ́ inú dígí họ obì lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ gbà mí gbọ́. Mo gbọ́ ìró èékánná náà pẹ̀lú, ẹ̀yìn dígí ló sì ti wá.

“Ṣé ẹ gbọ́?” mo sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Má pariwo. Ẹnì kan di ọwọ́ mi mú lẹ́yìn níbẹ̀. Tíṣà, mo mọ̀ ọ́n lára!”

Ayọ̀ ló wà lójú wọn. Mo yọjú wo ẹ̀yìn dígí. N kò rí ẹnì kankan. Ọwọ́ tó kú nìkan ló wà níbẹ̀, tí àtàǹpàkò rẹ̀ ń họ tábìlì: ẹ̀ẹ̀mejì, ó dúró, ẹ̀ẹ̀mejì, ó dúró.

Mo na ọwọ́ láti gbé dígí náà kúrò.

“Bí o bá gbé e,” Àlàájà wí, “ta ni yóò fún mi lọ́wọ́ mi?”

Mo fi í sílẹ̀. Kí lẹ̀yin ì bá ṣe?

Ọwọ́ ti jí báyìí. Àlàájà ń fi jẹun, wọ́n ń fi tajà, àwọn ènìyàn sì ń wá bá wa yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń họ obì. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní, “Ìwọ náà! Ẹ̀ẹ̀kan ni mò ń họ ọ́.” Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni ọwọ́ náà ń họ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n sùn lọ lórí àga, wọ́n ń hanrun. Ọwọ́ ọ̀tún wọn dìde, ó mú obì kan, ó họ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì nà án sí mi. A kì í kọ obì tí a fi ọ̀tún nà síni. Mo gbà á.

Bí ọwọ́ ẹni yín bá kú, ẹ ṣe ìtọ́jú dígí náà o. Ó ṣiṣẹ́, n kò bá oníṣègùn jà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra dígí tuntun.

Obì náà ṣì wà lórí tábìlì mi níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. N kò lè jẹ ẹ́. Mi ò sì mọ ẹni tí n óò dá a padà fún.