Kánfọ̀ fún Tata Aláàdúà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ọ̀rọ̀ mi bí ẹ bá ṣe bá a. Ilé-ìwé tí mo lọ kò pọ̀, n kì í sì í kọ ohun tó gùn ju orúkọ nǹkan tí a fẹ́ rà lọ́jà. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni màá ṣe kọ ọ́.

Nílé wa ní Kokomlemle nílẹ̀ Gã, mo ń sin tata kan, irú èyí tó máa ń ká ọwọ́ méjèèjì síwájú àyà bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, sọ ọ́ ní Tata Aláàdúà. Ara àwọ̀n fèrèsé ló ń gbé, èmi ni mo sì ń mú eṣinṣin fún un.

“Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń wá ọkọ,” ni Ìyá àgbà máa ń wí, “ìwọ ń wá eṣinṣin.” Bí àkókò ìrun bá sì tó, á nàka sí fèrèsé. “Kòkòrò lásán ti dúró. Ìwọ ńkọ́?”

Nígbà tí èyí tí mo kọ́kọ́ sìn kú, ńṣe ni mo kàn fi píìnì kàn án mọ́ páálí kí n lè tọ́jú rẹ̀. Ikùn rẹ̀ rà, ó dúdú, èèrà sì kó ìyókù lọ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ la ikùn rẹ̀, ká yọ ìfun, ká fi òwú dípò, ká tó kàn án kó gbẹ. Kánfọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí nítorí èèrà. Mo pinnu pé eléyìí ò ní bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ó kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Píìnì wà, òwú wà. Kánfọ̀ ló kù, inú àpótí tí Ìyá àgbà ń kó aṣọ ọjà rẹ̀ sí ló sì wà. Mo gbé tata sí àtẹ́lẹwọ́, mo lọ kúnlẹ̀.

“Ìyá àgbà, ó ti kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní kánfọ̀ díẹ̀.”

Ojú rẹ̀ rọ̀. “Alihamdulilahi. Mo ti rò pé o ò mọ nǹkan kan nínú ẹ̀sìn yìí.”

Ó lọ kánfọ̀ kúnná, ó fọ́n ọn sí tata lára bí wọ́n ṣe ń ṣe fún òkú Mùsùlùmí, ó sì ya aṣọ funfun pẹ́ńpẹ́ láti fi wé e. Ìgbà náà ló yé mi pé ó rò pé ìsìnkú ni mo fẹ́ ṣe.

“Ìyá àgbà, mo fẹ́…”

“Mo mọ̀. O fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Kòkòrò ni, a ò ní wẹ̀ ẹ́. Lọ gbẹ́lẹ̀, òkú kì í pẹ́ nílẹ̀.”

Kò yìn mí rí. Mo gbẹ́lẹ̀ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyá Gã tó ń se kẹ́ńkẹ́ lójúde yọjú.

“Ẹ̀yin Alata, kí lẹ̀ ń sin?” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

“Ẹni tó ń gbàdúrà jù nílé wa,” ni Ìyá àgbà fèsì.

Ó ní kí n kọ ojú tata sí ìlà-oòrùn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ṣàdúrà, ó gùn. Mo ṣe àmín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí Ìyá àgbà ṣe wà lórí ẹní ìrun, mo lọ hú u. Èèrà kò fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀ tútù ti mú kí oríkèé rẹ̀ rọ̀ dáadáa. Mo dá aṣọ funfun padà sínú ihò, mo bò ó, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo wá jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo la ikùn tata, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki òwú bọ̀ ọ́.