Mojúbàolú, Ẹni Tó Ná Ààyè Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Gbogbo wa la máa ń ná ẹja, a máa ń ná aṣọ. Mojúbàolú Abọ́dúnrìn, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, nìkan ni Hàbíbàt mọ̀ tó ná íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìṣojú Hàbíbàt ló ṣe é, nínú kàféè íńtánẹ́ẹ̀tì tí Hàbíbàt ní ní Ìkòròdú, lọ́dún 2006.

Kálẹ́ńdà àti káàdì ìgbéyàwó ni Mojúbàolú ń fi kọ̀ǹpútà ṣe jẹun, ṣùgbọ́n géèmù bọ́ọ̀lù lọkàn rẹ̀ wà. Ó ti tú ọ̀kan palẹ̀: ó lé àwọn òyìnbó inú rẹ̀ kúrò, ó fi àwọn apẹja Èjìnrìn rọ́pò wọn, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ ròyìn bọ́ọ̀lù náà. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí géèmù yìí wà nínú rẹ̀ ti gbó. Bí NẸ́PÀ bá ti mú iná lọ báyìí, àyà Mojúbàolú á já. Bí kọ̀ǹpútà yẹn bá kú, gbogbo iṣẹ́ náà bá a lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi wá ìkànnì kan lókè òkun, àká tí wọ́n ti ń tọ́jú géèmù tí àwọn èèyàn bá tún ṣe, kí ó má baà parun.

Alákàá ní ẹrù ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ ju ogún mẹ́gábáìtì lọ. Ti Mojúbàolú jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ gé e kù,” Hàbíbàt wí.

“Kí n gé ta ni kù? Gólì mi, àbí èmi tí mò ń sọ̀rọ̀? Ẹni tó bá dá iye lé ọjà, ṣé kò retí pé ká ná an ni?”

Ó jókòó, ó kọ ímeèlì. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìnájà Ọjà Olúwo, ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́, ló wà nínú rẹ̀. Ó kí alákàá, ó kí ìyàwó rẹ̀, ó kí àwọn ọmọ tí kò mọ̀ bóyá ó bí, lẹ́yìn náà ló wá ní ogójì lòun fẹ́. Ọgbọ̀n ló ní lọ́kàn. Nígbà tó máa di ọjọ́ kejì, èsì ti dé: wọ́n ti fún un ní ogójì.

Inú Hàbíbàt dùn, àmọ́ ńṣe ni Mojúbàolú fajú ro.

“Kò tilẹ̀ bínú díẹ̀,” ó wí. “Irú òǹtajà wo nìyẹn?”

“Ẹ ṣáà ti rí ààyè. Ẹ gbé e sí i.”

“Mẹ́rìnlá á ṣófo, Hàbíbàt. A kì í ná ọjà kí wọ́n gbà, ká tún wá ní a ò rà á mọ́. Ṣé o fẹ́ kí òyìnbó máa sọ pé ẹnu lásán lọmọ Ìkòròdú fi ń nájà?”

Bó ṣe wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀pẹ́ nìyẹn, tó ń wá ẹrù tí yóò fi dí ààyè. Wọ́n júwe Adéòjó fún un, ọkùnrin kan tó ti sọ géèmù eré ọkọ̀ di ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Ìmọ́tà.

“Kò tíì parí,” Adéòjó wí. “Mo ṣì ń gbẹ́ kòtò sí i.”

“Àwọn tó ni títì gan-an ò tíì parí ẹ̀. Gbé e wá bẹ́ẹ̀.”

“Tí wọ́n bá wá ń fi mí rẹ́rìn-ín ńkọ́?”

“Kí wọ́n tó ráyè rẹ́rìn-ín, taya wọn á ti bẹ́.”

Ẹrù Adéòjó ju mẹ́rìnlá lọ fíìfíì. Mojúbàolú tún kọ̀wé sí alákàá, ó tún ná an ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n tún gbà láìjanpata, ààyè tún ṣẹ́kù, ó tún di dandan kó wá ẹlòmíì kàn. Báyìí ni géèmù gbogbo agbègbè wa ṣe wọ àká lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é lára rẹ̀, nítorí pé ojú ń ti ọkùnrin kan láti dá ọjà padà.

Ẹ má rò pé onírẹ̀lẹ̀ ni o. Nínú géèmù tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í na Èjìnrìn. Àwọn oníbàárà Hàbíbàt gbìyànjú títí, ó sú wọn.

“Bọ̀ọ̀dá Mojú, ṣé àwọn apẹja yìí ò lè fìdí rẹmi ni?”

“Wọ́n lè fìdí rẹmi,” ó dáhùn, “ṣùgbọ́n kì í ṣe lójú mi.”

Lọ́dún 2009, àìsàn díẹ̀ ló ṣe é, ó sì kú. Ó dun Hàbíbàt ju bó ṣe rò lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n olóògbé, Kúbúrátù, tó ń ta ẹja yíyan ní Ẹ̀pẹ́, gbé kọ̀ǹpútà àbúrò rẹ̀ wọ kàféè bí ẹní gbé ọmọ. Wọ́n tàn án títí, kò tàn. Iná ti jó o.

“Fọ́tò rẹ̀ pọ̀ nílé,” Kúbúrátù wí. “Ohùn rẹ̀ ni mi ò ní. Mo ti fẹ́ máa gbàgbé bó ṣe ń sọ̀rọ̀.”

“Ẹ jókòó, Àǹtí.”

Hàbíbàt ṣí àká òkè òkun náà, ó wá orúkọ Mojúbàolú, ó rí i. Ó pẹ́ kí géèmù náà tó wọlé tán. Nígbà tó wọlé, ariwo gba gbogbo kàféè:

“Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi! Èjìnrìn ti dé o! Kí ọlọ́mọ kìlọ̀ fọ́mọ rẹ̀ o!”

Kúbúrátù rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Àwọn oníbàárà ti yíjú sí wọn. Hàbíbàt nawọ́ kó dín ohùn náà kù, Kúbúrátù sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Láti kékeré la ti ń ní kó yé pariwo,” ó wí. “Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kó pariwo.”