Ẹjọ́ Tí Asẹ́ Dá

Inú ń bí Ìyá Ìlà, kì í sì í ṣe bíbí kékeré. Àwọn ará ilé-iṣẹ́ ló fún un lórúkọ yẹn, nítorí pé ìlà orí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n, ìlà á máa fò sókè sódò, òun á sì mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀rọ ńlá kan ló fọ́, tó gbẹ̀mí ọ̀dọ́kùnrin kan tó dúró tì í. Bàbá tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà ní ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ gbọ̀n, ni òun fi sáré pa iná mànàmáná rẹ̀. Ọ̀gá Ìyá Ìlà ní irọ́ ni, pé ìlà fi hàn pé bàbá ti paná lójijì kí ẹ̀rọ tó gbọ̀n rárá, ìyẹn ló sì fọ́ ọ. Wọ́n lé bàbá kúrò níṣẹ́.

Ìyá Ìlà ṣí iṣẹ́ ọ̀gá wò. Ọ̀gá ti lo fíltà, asẹ́ inú kọ̀ǹpútà tó ń yọ ariwo kúrò kí ìlà lè mọ́. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ohun tó bá gba inú asẹ́ yẹn kọjá máa ń pẹ́ jáde. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á sẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á tún sẹ́ ẹ padà láti òpin wá síbẹ̀rẹ̀, kí pípẹ́ náà lè pa rẹ́. Ọ̀gá sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, ó lọ jẹun. Gbígbọ̀n ẹ̀rọ gba inú asẹ́, ó pẹ́; àkókò tí bàbá paná kò gba ibẹ̀, ìyẹn ló fi dà bíi pé bàbá ló kọ́kọ́ paná. Ọ̀lẹ burúkú! Kò tilẹ̀ wo ìlà tí wọn ò tíì sẹ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni.

Ìyá Ìlà gbé kọ̀ǹpútà wọ ọ́fíìsì ọ̀gá.

“Ẹ wò ó, sà. Asẹ́ yín ló purọ́, bàbá ò purọ́.”

Ọ̀gá wò ó, ó húkọ́. “Ó dáa. A máa tún un ṣe tó bá yá. Ẹ má jẹ́ ká pariwo.”

Ìyá Ìlà fa fóònù yọ. Ó pe bàbá, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí ọ̀gá lè gbọ́.

“Bàbá, ẹ ò jẹ̀bi o. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ gbọ̀n.”

Bàbá ní: “Ọmọ mi, ṣé ó dá ẹ lójú? Mo ti lọ bá ìyá ọmọ tó kú yẹn. Mo rò pé bóyá ojú ló tàn mí jẹ. Mo ní èmi ni mo pa ọmọ rẹ̀.”

Ìyá Ìlà gbé fóònù sílẹ̀ sórí tábìlì. Ó kọjú sí ọ̀gá.

“Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín, sà. Ẹ̀yin lẹ máa lọ sọ òótọ́ fún ìyá ọmọ náà.”