Ìkúnlẹ̀ Inú Ọgbà Tẹ́ńpìlì

Inú ṣì máa ń bí mi tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún tí owó epo rọ̀bì já lulẹ̀ lọ́jà ni. Wọ́n ti dá ọkọ mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ ẹnjiníà nílé iṣẹ́ epo, ó sì ń jókòó sílé wa ní àdúgbò Whitehorn, nílùú òyìnbó níbí, látàárọ̀ dalẹ́, tẹlifíṣọ̀n ń pariwo, òun náà ń pariwo. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń jáde. Ibì kan ṣoṣo tí mo ti ń mí kanlẹ̀ ni ọgbà kékeré kan nínú tẹ́ńpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, nítòsí ibi tí mo ti ń wọ train. Ariwo mọ́tò kún títì iwájú rẹ̀ fọ́fọ́, ṣùgbọ́n tí o bá ti wọlé, ara á tù ọ́. Màá jókòó, màá bọ́ bàtà, kò sẹ́ni tó ń béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi.

Ìyá arúgbó kan ló máa ń gbá ewé níbẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun tán, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbé tíì gbígbóná wá fún mi. Ṣé kí n wá na ọwọ́ kan gbà á bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé ni? Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ méjèèjì gbà á. Ère Búdà wà lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́. Mi ò tiẹ̀ wo ibẹ̀.

Arábìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa ń kọjá lójú títì, ó rí mi. Ìròyìn ti ṣáájú mi délé: wọ́n ní mò ń forí balẹ̀ fún òrìṣà.

Ọkọ mi ò jẹ́ kí n bọ́ kóòtù. "So na you! Ìdí tí wọn ò fi pè mí fún interview nìyẹn!"

"Daddy, kí n tó mọ ọgbà yẹn rárá ni wọ́n ti lé yín. Gbogbo àwọn tí wọ́n lé pẹ̀lú yín ńkọ́? Ṣé ìkúnlẹ̀ tèmi náà ló lé wọn?"

Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì pásítọ̀. Mo dàgbà ju pásítọ̀ yẹn lọ dáadáa. "Sister, ẹ kúnlẹ̀, ẹ renounce òrìṣà yẹn, kí ilẹ̀kùn job Brother lè ṣí."

Ti pásítọ̀ kọ́ ló dùn mí. Ti ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bàbá òyìnbó arúgbó tó fún wa ní basement ilé rẹ̀ gbé mú kọ́kọ́rọ́ wá, ọkọ mi sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un nínú snow. Bàbá náà rò pé ó dákú ni, ó fẹ́ pe ambulance. A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa.

Mo ní, "Daddy, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe nínú snow fún pásítọ̀. Ṣé òrìṣà ni bàbá yẹn?"

Ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó mọ̀. Ó mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ jẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn kó jẹ́ èmi ni mo ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Mi ò kúnlẹ̀. Mo mú báàgì mi, mo fi àwọn méjèèjì síbẹ̀, mo wọ train lọ sí ọgbà. Ìyá arúgbó náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì bojú wo títì dáadáa, bóyá ẹnì kan ń kọjá, kó rí mi, kó lọ ròyìn.