Àáró Nínú Yàrá Ìtẹ̀wé

Ní ọdún 1992, lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ Agatha pé oṣù mẹ́ta nínú báàgì rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́, kò sì sí àṣìṣe kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Òní ni òun yóò fi lélẹ̀, ọ̀la ni òun yóò fi lélẹ̀: ohun tó ń wí nìyẹn láràárọ̀ tó bá ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀wọ̀.

Kì í ṣe ọ̀lẹ. Àgbẹ̀ Ìmọ̀rù ló bí i, àgbẹ̀ náà kò sì bí ọ̀lẹ. Àwọn mẹ́ta ló ń tẹ̀wé nínú yàrá kan: òun, Lábísí tó wá láti Ìkàrẹ́, àti Rùkáyàt, ọmọ Ọ̀wọ̀ gan-an. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka tó ń tẹ̀wé fún. Ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ni ti Agatha, ìwé ẹ̀ka náà kì í sì í tán. Lábísí a tẹ lẹ́tà mẹ́ta, a sì mú abẹ́rẹ́ ìhunṣọ jáde. Rùkáyàt a máa ka ìwé ìròyìn àná. Agatha a máa tẹ̀wé títí ìka rẹ̀ á fi le bí igi, àwọn méjì tó kù á sì máa wò ó. Wọn kì í ṣe ìkà. Òfin ló dè wọ́n: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fáìlì ẹ̀ka ẹlòmíì. Ọ̀gbẹ́ni Akínwọlé, olórí yàrá náà, ló ṣe òfin yìí. Ó ti fún Lábísí ní kúèrì, ìyẹn ìwé ìbáwí, rí, nítorí pé ó bá Agatha tẹ ojú ìwé méjì.

Òfin yẹn kò dáàbò bo fáìlì kankan. Ẹrù ẹni mẹ́ta ló gbé ka ẹnì kan lórí. Akínwọlé mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá, àṣẹ dé láti Àkúrẹ́ pé kí wọ́n tẹ orúkọ gbogbo olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àgbègbè náà, pẹ̀lú ilé-ìwé wọn àti ọdún tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́. Ọgọ́ta sìtẹ́ńsù, ìyẹn pépà tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà, láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Akínwọlé kó ìwé náà lé tábìlì Agatha. Agatha bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí àwọn méjì tó kù ran òun lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín.

"Agatha, ọ́fíìsì nìyí. Kì í ṣe oko Ìmọ̀rù."

Ó fi bú u ni. Kò mọ̀ pé òun ti fọ̀nà hàn án.

Ní Ìmọ̀rù, ẹnì kan kì í dá ro oko ńlá. Àáró ni wọ́n ń ṣe: gbogbo wọn á kó ọkọ́ lọ sóko bàbá Agatha lónìí, wọ́n á lọ sí ti ẹlòmíì lọ́la. Ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, kò sẹ́ni tí yóò tún yà sóko rẹ̀. Bí Akínwọlé ṣe jáde, Agatha gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú àwọn méjì. Lábísí ní kúèrì àkọ́kọ́ ṣì wà nílé òun. Ó kó abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú báàgì.

"Pín in. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tèmi ń bọ̀ lóṣù kejìlá o. Mi ò ní gbọ́ pé ọwọ́ ń dun ẹnikẹ́ni."

Rùkáyàt ní ti òun, kí wọ́n ṣáà má kó gbogbo orúkọ gígùn fún òun.

Ogún, ogún, ogún. Akínwọlé kò wá síbi iṣẹ́ rárá ní Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó bá fáìlì ètò ẹ̀kọ́ lórí tábìlì Lábísí. Ó kọ kúèrì mẹ́ta, ó sì kó wọn lọ bá Alàgbà Ọbayẹmí, akọ̀wé àgbà ọ́fíìsì náà. Ó ní kí wọ́n lé Agatha, ó ti sọ ọ́fíìsì di oko. Agatha tẹ̀ lé e wọlé, ó gbé ọgọ́ta sìtẹ́ńsù ka orí tábìlì. Ọbayẹmí yẹ̀ wọ́n wò, ó ní kí ó sọ tẹnu rẹ̀.

"Àáró la ṣe, sà. Ọ̀gá wa náà mọ̀ ọ́n. Oko kòkó àbúrò bàbá Rùkáyàt, ní Èmùré-Ilé, ni ọ̀gá ti lọ san àáró tiwọn lánàá; Rùkáyàt ló gbọ́ nílé. Tó bá dáa fún kòkó, kí ló dé tí kò dáa fún wa?"

Ọbayẹmí béèrè lọ́wọ́ Akínwọlé bóyá ó gba àyè kí ó tó lọ. Akínwọlé ní òun kò gbà á. Ọbayẹmí ya kúèrì mẹ́ta, ó sì kọ ẹ̀kẹrin fún Akínwọlé fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé, ó ní, kí gbogbo ìwé tó bá wọ yàrá náà di ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní oṣù kejìlá, Agatha ló kọ́kọ́ jókòó ti fáìlì Lábísí. Ìka rẹ̀ ti rọ̀. Ó ti ń bá àwọn ọ̀gá tún gbólóhùn tó wọ́ ṣe láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó sì ń kọrin nídìí ẹ̀rọ. Lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ náà? Ó mú un jáde nínú báàgì, ó fi tẹ́ ẹ̀yìn pépà nínú ẹ̀rọ, kí irin má baà lu pépà náà já. Kí ọdún tó parí, ẹ̀rọ ti lù ú débi pé ẹnikẹ́ni kò lè kà á mọ́.

Akínwọlé fẹ̀yìn tì ní 1998. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére fún un, àáró sì kan Agatha láti tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, kò sí àṣìṣe kan. Nígbà tí wọ́n ní kí òun náà wá sọ ohun rere kan nípa ọ̀gá, ó ní àwọn tó kọ ọ́ ti sọ ọ́. Òun kàn tẹ̀ ẹ́ ni.