Ààwẹ̀ Ọjọ́ Mẹ́ta, Ọlẹ̀ Kan Tó Ṣẹ́kù

Mo ń tú kòkó ká lórí ẹní nílé wa ní Òdòdè, Ìdànrè, nígbà tí abẹ́ ìdodo mi bẹ̀rẹ̀ sí í fún pọ̀ bí aṣọ tútù tí wọ́n ń fún omi rẹ̀. Mo wọ balùwẹ̀, mo rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ kẹfà nìyẹn tí wọ́n gbé ọlẹ̀ sínú mi nílé-ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di nǹkan oṣù gidi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ẹkún kò wá.

Ọlẹ̀ ni ohun tí ẹyin obìnrin ń dà lẹ́yìn tó bá pàdé àtọ̀ ọkùnrin. Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti ọkọ mi ti fi wá ọmọ. Níta ara ni àwọn dókítà ti pa tiwa pọ̀, méjì péré ló yè é. Ọ̀kan ni wọ́n gbé sínú mi yẹn. Wọ́n fi èkejì pamọ́ sínú òtútù.

Màmá ọkọ mi ni ìyá àdúrà nínú ìjọ Aládùúrà wa. Nígbà tí mo ti Àkúrẹ́ dé, ó ní kí n gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta kí ọlẹ̀ náà lè dúró. Mo bi í léèrè nípa oògùn tí mo ń gbé mì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó ní ohun tó bá ti gba ọ̀fun kọjá ti ba ààwẹ̀ jẹ́. Èmi náà rò pé oògùn amáralókun lásán ni. Hóró mẹ́fà ni mi ò lò.

Nígbà tí mo padà sí Àkúrẹ́ lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ náà, mo jókòó fún wákàtí mẹ́ta láàárín àwọn aboyún kó tó kàn mí. Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú mi wò mí.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lo oògùn yín pé?"

Mo fi páálí oògùn náà hàn án. Ó ya ilé-ọmọ sórí ìwé fún mi. Ó ní họ́mọ́ọ̀nù ni ara fi ń ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ọ̀kan máa ń mú kí awọ inú ilé-ọmọ nípọn. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní projẹ́sítẹ́rọ́ọ̀nù, ló ń sọ awọ náà di ibi tí ọlẹ̀ lè rọ̀ mọ́. Òun ló wà nínú hóró tí mo pa tì. Ó tún ń ṣe iṣẹ́ kan: ìdajì ọlẹ̀ jẹ́ ti bàbá, àjèjì ni lójú ara ìyá. Projẹ́sítẹ́rọ́ọ̀nù wà lára ohun tó ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun ara tó wà níbẹ̀, tí wọn kò fi ní lé e, tí wọ́n á tún bá a la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́ta tí ọlẹ̀ ń wá ibi tí yóò dì mú, mo gba oògùn yẹn kúrò. Dókítà ní òun kò lè búra pé ìbá dúró bí mo bá lò ó. Ìyẹn kò tù mí nínú.

Fún oṣù méjì, mi ò sọ ohun tí dókítà wí fún ẹnikẹ́ni. Mo ń jí, mo ń gbálẹ̀, ó ń ṣe mí bíi kí n má jí mọ́. Nígbà tí Màmá ní ààwẹ̀ ọjọ́ méje la ó gbà fún ọlẹ̀ kejì, mo la ẹnu, mo sọ gbogbo rẹ̀. Màmá jókòó tì mí.

"Ọlọ́run kò sọ pé kí o má lo oògùn. Èmi ni mo sọ ọ́."

Ó nu ojú rẹ̀. "Èmi ni n ó gba ti ọ̀tẹ̀ yìí. Ìwọ máa jẹun, kí o sì máa gbé e mì níṣojú mi. Ebi ò tíì pa ìyá ọkọ kankan kú ní Ìdànrè."

Wọ́n gbé èkejì sínú mi. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo tún rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Mo bu omi, mo gbé oògùn mì síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, dókítà ní ọlẹ̀ náà ti dì mú.

Ọmọbìnrin wa ti ń rá báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ wà nírú ipò yìí, ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó gba ààwẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi pe ara yìí ní ọ̀tá. Òun náà ló gba àjèjì kan mọ́ra, tó fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ bọ́ ọ, nígbà tí mo jẹ́ kí iṣẹ́ tí a rán sí i dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.